Gbígbé ẹsẹ̀ iwájú jíìpù sókè: kí la máa kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì máa ń bàjẹ́?

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Jíìpù mi ní upper arm àti lower arm (apá irin òkè àti ti ìsàlẹ̀ tó di ìdí táyà mú) níwájú, ṣọ́ọ̀kù sì wà láàárín sípíríǹgì. Mo fẹ́ gbé iwájú rẹ̀ sókè ní 50mm, kí n gbé bull bar onírin (irin ààbò iwájú) àti wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fa ọkọ̀ yọ) kọ́ ọ, kí n sì yọ táyà 265/70R17 tó wà níbẹ̀, kí n fi 285/70R17 sí i. Ẹnìkan ní kí n ra spacer (irin tí wọ́n fi ń ti nǹkan ga), kí n dè é mọ́ orí ṣọ́ọ̀kù, ó parí. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, àfi kí n pààrọ̀ ohun gbogbo. Ọkọ̀ náà máa ń wọ ẹrẹ̀, ó máa ń gun àpáta, ó sì máa ń sáré lójú ọ̀dà. Kí ló yẹ kó ṣáájú?

Bàbá Sípánà

Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan. Téèpù ìwọ̀n ni kó o kọ́kọ́ mú.

Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táǹkì epo kún, kó o wà á síwájú sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jókòó. Wọn láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà tó wà lókè rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Má wọn láti ilẹ̀ o, torí atẹ́gùn inú táyà á tàn ọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, fi jáàkì gbé ṣáásì títí táyà á fi rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, kó o tún un wọ̀n. Ìwọ̀n kẹta ni ibi tí ẹsẹ̀ gòkè dé nígbà tí bump stop (rọ́bà tó ń dá ẹsẹ̀ dúró lókè) bá ti rún mọ́ra tán. Ìyẹn ò ṣeé rí àfi tó o bá yọ sípíríǹgì kúrò, tó o wá fi jáàkì ti lower arm sókè.

Ká ní o rí 500mm nígbà tí ọkọ̀ dúró, 580mm nígbà tí táyà rọ̀, àti 410mm nígbà tó gòkè tán. A jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn ní 80mm láti fi sọ̀kalẹ̀ àti 90mm láti fi gòkè, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 170mm. Tó o bá wá fún sípíríǹgì pọ̀ títí iwájú fi ga ní 50mm, ṣọ́ọ̀kù kò gùn sí i, arm kò gùn sí i. Ìsọ̀kalẹ̀ á ku 30mm, ìgòkè á di 140mm. 170mm náà ló ṣì jẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn: wọ́n rí ọkọ̀ tó ga, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn.

30mm kéré jù fún ọkọ̀ tó ń gun àpáta. Kòtò kékeré lásán, ṣọ́ọ̀kù á nà tán, wàá gbọ́ "gbàù!" níwájú, táyà á sì fò kúrò nílẹ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, bọ́ṣì orí ṣọ́ọ̀kù á fọ́, ọ̀pá inú rẹ̀ náà á sì máa ya ọ̀nà kúrò nídìí pisitini. Èmi ò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ tó bá fi ìsọ̀kalẹ̀ tó dín ní 50mm sílẹ̀ níwájú.

KòtòÒDẹ́rù

Lórí ọ̀rọ̀ spacer: oríṣi méjì ló wà, wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà rárá, àmọ́ orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń tà wọ́n.

Ti àkọ́kọ́ ń jókòó sáàárín orí ṣọ́ọ̀kù àti ṣáásì. Kò fún sípíríǹgì pọ̀ rárá, ṣe ló kàn ti gbogbo ṣọ́ọ̀kù sísàlẹ̀. Ẹ ò nílò 50mm kí ẹ tó rí 50mm o. Ṣọ́ọ̀kù kò so mọ́ ìdí táyà, àárín lower arm ló so mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí, bí táyà bá rìn 10mm, ṣọ́ọ̀kù á rìn bíi 5mm sí 6mm. Nítorí náà, spacer 30mm lókè á fún yín ní nǹkan bíi 50mm nídìí táyà. Ẹni tó bá ra 50mm sórí ṣọ́ọ̀kù ti gbé ọkọ̀ ga ní 80mm àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìmọ̀.

Ìtura ọkọ̀ kò yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Nísàlẹ̀, táyà á máa sọ̀kalẹ̀ kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi sí: ball joint òkè (oríkèé tó so upper arm mọ́ ìdí táyà) á tẹ̀ dé ẹnu ilé rẹ̀, upper arm á máa fi ara họ sípíríǹgì, CV joint (oríkèé ṣáàfù tó ń yí táyà) á sì dúró ní igun tí kò yẹ kó dé. Lókè ńkọ́? Ṣọ́ọ̀kù á pa dé tán kí arm tó kan bump stop. Irin á máa gbá irin nínú ṣọ́ọ̀kù, fáàfù ìdí rẹ̀ á fọ́, òróró á sì jò. Ẹni tó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ rí i pé bump stop náà sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ.

Ti èkejì ń wọ àárín sípíríǹgì àti àwo tó jókòó lé. Òun ló ń fún sípíríǹgì pọ̀, ohun tí Bàbá Sípánà ṣàláyé yẹn gan-an ló sì máa ń ṣe: ó ń jẹ ìsọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń lo torsion bar (ọ̀pá tó ń lọ́ dípò sípíríǹgì), yíyí bóòtù rẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ti èkejì yìí. Kì í mú kí ọ̀pá náà le sí i, ṣe ló kàn ń gbé ibi tí ọkọ̀ dúró sí sókè. Bí bóòtù bá ti fẹ́ parí kí ẹ tó dé gíga tí ẹ fẹ́, ẹ má fi agídí yí i. Ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí eyín ọ̀pá, kí ẹ yí i ní eyín kan, kí ẹ tún un dè.

Ìyá Oníjíìpù

Ẹ̀yin èèyàn ti sọ̀rọ̀ gíga, ẹ ò sọ̀rọ̀ ẹrù. Bull bar onírin àti wíǹṣì kì í ṣe nǹkan kékeré, iwájú áàsù ni wọ́n sì so rọ̀ sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní àwọn méjèèjì jẹ́ 80kg, tí àárín wọn fi 0.8m ṣíwájú áàsù iwájú, tí áàsù iwájú àti tẹ̀yìn sì jìnnà síra ní 2.8m. Ẹrù tó bọ́ sórí áàsù iwájú jẹ́ 80 × 3.6 ÷ 2.8, ìyẹn bíi 103kg. 23kg tó lé yẹn, ẹ̀yìn ló ti wá: iwájú tẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀yìn fúyẹ́. Táyà kọ̀ọ̀kan níwájú gba bíi 51kg, tó jẹ́ bíi 505N.

Ká ní sípíríǹgì tó wà níbẹ̀ jẹ́ 100N/mm, tí ṣọ́ọ̀kù sì ń rìn 6mm fún 10mm táyà. Agbára rẹ̀ nídìí táyà kì í ṣe 100. Ẹ ó sọ 0.6 di ìlọ́po ara rẹ̀, 0.36, ẹ ó wá fi í ṣe ìlọ́po 100: 36N/mm ló jẹ́. 505 ÷ 36 jẹ́ 14mm. Ẹrù yẹn nìkan á fa iwájú sísàlẹ̀ ní 14mm. Ẹni tó fi spacer gbé 50mm, tó wá gbé bull bar kọ́ ọ, 36mm ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, lórí sípíríǹgì tó ti rọ̀ jù fún ẹrù tó gbé.

Nítorí náà, Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin, sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún ẹrù yín ni kí ẹ rà. Àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin: ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan síwájú, èyí tó ní bull bar nìkan, èyí tó ní bull bar àti wíǹṣì. Ẹ má mú èyí tó le jù "torí ọjọ́ iwájú" o. Sípíríǹgì tó le ju ẹrù rẹ̀ lọ kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn, ọkọ̀ á máa ta bí ẹṣin lójú òkúta, táyà kò sì ní di ilẹ̀ mú. Bí ẹ bá rí sípíríǹgì tí wọ́n fi lb/in kọ agbára rẹ̀, ẹ pín in sí 5.71 kí ẹ tó rí N/mm.

Kí ẹ tún wo nọ́ńbà ara sípíríǹgì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní tọ̀tún àti tòsì tí kò dọ́gba, torí ẹ̀gbẹ́ kan wúwo ju èkejì lọ. Bí ọkọ̀ yín bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní 10mm nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, á ṣì máa fì lẹ́yìn iṣẹ́ náà àfi bí ẹ bá fi spacer tín-ín-rín bíi 5mm sí 6mm sórí ṣọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Ẹ ṣeun gan-an. Ó dà bíi pé sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tuntun ni màá rà. Ṣé mo tún nílò upper arm tuntun? Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ "diff drop" fún mi.

KòtòÒDẹ́rù

Upper arm: ní 50mm, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ etí bèbè ni. Ohun mẹ́ta ni arm tuntun ń tún ṣe. Ó ń yí igun ilé ball joint padà kó má baà tẹ̀ dé ìpẹ̀kun. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ti tẹ́lẹ̀ ti ń kan sípíríǹgì. Ó sì ń fa ball joint òkè sẹ́yìn díẹ̀ kí caster (bí orí ìdí táyà ṣe fì sẹ́yìn, tó ń dá sitíárìn padà sáàárín) tó sọnù lè padà. Ẹ tú sípíríǹgì kúrò lórí ṣọ́ọ̀kù tuntun, ẹ dá ṣọ́ọ̀kù nìkan padà sípò, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rọ̀ dé ìpẹ̀kun, ẹ wá wo ball joint òkè. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti kan ẹnu ilé rẹ̀, kò sí àríyànjiyàn mọ́, ẹ ra arm. Ṣọ́ọ̀kù ló yẹ kó dá ìsọ̀kalẹ̀ dúró. Ball joint kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, bó bá já lójú ọ̀nà, táyà á ṣubú sábẹ́ ọkọ̀.

Ẹ wo CV joint níbi kan náà. Ẹ fi jíà sí neutral, ẹ fi ọwọ́ yí ṣáàfù nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ tán, kí ẹ yí sitíárìn dé ìpẹ̀kun lọ́tùn-ún àti lósì. Ó gbọ́dọ̀ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń há lójú kan, ìsọ̀kalẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ wá ṣọ́ọ̀kù tó kúrú sí i tàbí kí ẹ fi okùn ìdádúró dè é. Ti inú, ní ẹ̀gbẹ́ diff (jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì), ló máa ń kọ́kọ́ há, torí igun tó lè gbà kò tó ti ìta.

Rọ́bà CV joint ni kí ẹ máa ṣọ́. Nígbà tí igun bá pọ̀, àwọn ìṣẹ́po rọ́bà náà á máa ha ara wọn, á lá, gíríìsì á tú jáde, iyanrìn á wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ "kẹ-kẹ-kẹ" nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà pẹ̀lú iná ní ẹsẹ̀, ó ti pẹ́.

Diff drop ni àwọn irin 20mm sí 25mm tí wọ́n ń fi sáàárín diff iwájú àti ibi tó ti so mọ́ ṣáásì kí diff lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kí igun CV joint sì dín kù. Ó wúlò bí ẹ bá sún mọ́ 65mm sí 75mm. Ní 50mm, èmi kì í fi sí i. Ó ń jẹ gíga abẹ́ ọkọ̀ níbi tó ṣe pàtàkì jù, lórí ọkọ̀ kan sì rèé, iwájú diff nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀, diff á wá dà kọ́ńkọ́ńkọ́, igun ṣáàfù tó ń bọ̀ láti transfer case (jíà tó ń pín agbára síwájú àti sẹ́yìn) á yí padà, gbígbọ̀n á bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Sípánà

Mo fara mọ́ ìyẹn. Fi kún un: bóòtù tó gùn ló ń bá diff drop wá. Ẹni tó bá fi bóòtù àtijọ́ dè é, eyín mẹ́ta péré ló dì í mú.

TáyàŃlá

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dé ọ̀dọ̀ táyà. 265/70R17 ga ní bíi 803mm, 285/70R17 ga ní bíi 831mm. Ìyàtọ̀ 28mm, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan, 14mm, ló ń gbé diff kúrò nílẹ̀. Nígbà tí kíláàkì eré bá ń sọ 100, bíi 103.5 lẹ ń sá ní ìfiwéra pẹ̀lú tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: gbígbé ọkọ̀ sókè kò fi àyè kún ibi tí táyà ń wọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá gòkè tán. Bí bump stop bá wà ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀, táyà á ṣì gòkè dé ibi tó ń dé tẹ́lẹ̀, táyà ńlá á sì kan fẹ́ńdà. Ọkọ̀ tó dúró sí gárééjì kò ní kan nǹkan kan. Ọjọ́ tí táyà kan bá gun òkúta tí sitíárìn sì yí dé ìpẹ̀kun lẹ máa mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ ti yọ sípíríǹgì, ẹ gbé táyà tuntun sí i, ẹ fi jáàkì tì í sókè títí bump stop á fi rún mọ́ra, kí ẹ yí sitíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ibikíbi tí àyè tó kù bá ti dín ní 10mm, ẹ gé ike ibẹ̀ tàbí kí ẹ fi gígùn kún bump stop. Ẹ̀yìn táyà, níbi tí ara ọkọ̀ ti so mọ́ ṣáásì, ló máa ń kan jù.

Ríìmù tí offset rẹ̀ (bí ojú ibi tí a ti ń dè é ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀) kéré, tó yọ táyà síta, á sọ gbogbo èyí di ìlọ́po. Táyà tó yọ síta ń fi agbo tó tóbi yí nígbà tí ẹ bá yí sitíárìn, ó ń ni bíárìn họ́ọ̀bù lára, ó sì ń já sitíárìn gbà lọ́wọ́ ẹni nígbà tó bá kọ lu òkúta. Ẹ dúró sí offset ilé iṣẹ́ tàbí kí ẹ má jìnnà sí i.

GbangbaÀpáta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Tèmi kì í ṣe arm méjì, áàsù gbọọrọ ló wà níwájú, pẹ̀lú radius arm (apá tó di áàsù mú síwájú-sẹ́yìn) àti panhard rod (ọ̀pá tó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì). 50mm náà ni mo fẹ́. Ṣé ohun kan náà ni?

Bàbá Sípánà

Rárá o. Ìwọ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà igun CV joint, àmọ́ mẹ́ta mìíràn ń dúró dè ọ́.

Èkíní ni caster. Bí áàsù bá sọ̀kalẹ̀, radius arm á yí i, orí rẹ̀ á dà síwájú. Fojú sí i pé dígírì 1 ń lọ fún bíi 25mm kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi dígírì 2 fún 50mm. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fún ní dígírì 3 á ku 1: sitíárìn kò ní padà sáàárín fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á máa rìn kiri lójú ọ̀dà. Bọ́ṣì tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín ni oògùn rẹ̀ fún 50mm. Tó o bá kọjá ìyẹn lọ dé 100mm, wá arm tí wọ́n tẹ̀, tàbí kó o sọ ibi tí arm ti so mọ́ ṣáásì kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé bó o ṣe ń dá caster padà ni imú diff ń dorí kodò, tí ṣáàfù iwájú sì ń tẹ̀ sí i. Bó bá gbọ̀n nígbà tó o ń sáré, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.

Èkejì ni panhard rod. Bó bá ti ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń fa áàsù lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ti so mọ́ ṣáásì. Ọ̀pá 900mm tí orí rẹ̀ fi 100mm ga ju ìdí lọ, tó bá di 150mm, áàsù á sún ní 7mm. Èyí tó ṣeé yí gígùn rẹ̀ ni kó o rà, kó o fi í dá áàsù padà sáàárín nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí táyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: ọ̀pá sitíárìn àti panhard rod gbọ́dọ̀ dà sí ọ̀nà kan náà, ní igun kan náà. Bí ọ̀kan bá dà ju èkejì lọ, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá gòkè ni sitíárìn á máa yí fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi pitman arm (apá tó so jíà sitíárìn mọ́ ọ̀pá rẹ̀) tó gùn sísàlẹ̀ sí i, tí kò sì sọ orí panhard rod kalẹ̀ bákan náà, ló dá wàhálà yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

KòtòÒDẹ́rù

Bí iwájú bá sì ń gbọ̀n jìgìjìgì lẹ́yìn tó kọ lu kòtò kan, tí kò dáwọ́ dúró àfi tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ má sá lọ ra steering damper (ṣọ́ọ̀kù sitíárìn) tó tóbi. Damper á fi aṣọ bo egbò ni. Ẹ wo bóòtù panhard rod bóyá ihò rẹ̀ ti fẹ̀, tie rod end (oríkèé ìdí ọ̀pá sitíárìn), bíárìn orí áàsù, bálánsì táyà, lẹ́yìn náà caster.

Ìyá Oníjíìpù

Bọ́ṣì radius arm náà: àwọn kan á ní kí ẹ fi ti polyurethane (ike líle) sí i. Èmi ò gbà. Radius arm ń fẹ́ kí bọ́ṣì yí, kó sì tẹ̀ nígbà tí táyà kan bá gòkè tí èkejì bá sọ̀kalẹ̀. Rọ́bà ń ṣe bẹ́ẹ̀, polyurethane ń kọ̀, áàsù á wá le gbagidi. Lórí panhard rod, ó dáa. Bí ẹ bá lò ó, gíríìsì silicone ni kí ẹ fi pa á. Ẹ má fi gíríìsì lásán kan bọ́ṣì rọ́bà, torí ó ń jẹ ẹ́.

Bàbá Sípánà

Ó yá, iṣẹ́ gangan, fún ẹni tó ní arm méjì.

Tú nọ́ọ̀tù táyà sílẹ̀ díẹ̀, gbé ọkọ̀, fi stand sábẹ́ ṣáásì lápá méjèèjì. Jáàkì nìkan kì í gbé ọkọ̀ dúró fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Yọ linkage ti stabilizer (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) lápá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ku ọ̀kan, ọ̀pá náà á máa ti arm mọ́ ọ lọ́wọ́. Yọ wáyà ABS àti páìpù bíréèkì kúrò níbi tí wọ́n ti so mọ́ arm.

Fún ball joint òkè, fa píìnì rẹ̀ yọ, tú nọ́ọ̀tù rẹ̀ dé etí ṣùgbọ́n má yọ ọ́ tán, kó o wá fi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ irin tó wọ̀. Má gbá orí bóòtù rẹ̀. Nígbà tó bá já, fi wáyà so knuckle (irin tó gbé họ́ọ̀bù) mọ́ òkè kó má baà ṣubú síta. Bó bá ṣubú, á fa CV joint inú yọ, á sì fi gbogbo ẹrù rẹ̀ rọ̀ mọ́ páìpù bíréèkì. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta tó yí orí ṣọ́ọ̀kù ká lo máa tú, àti bóòtù kan nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀tù ńlá àárín orí yẹn, má fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló dì sípíríǹgì tó ti fún pọ̀ mú. Ọkàn èèyàn ni wàá fi ṣeré tó o bá tú u láìfi compressor (irinṣẹ́ tí a fi ń fún sípíríǹgì pọ̀) dì í.

Compressor náà: ìkọ́ méjì tó dojú kọra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú òrùka tó pọ̀ tó, kó o máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba. Kò sí ìbọn afẹ́fẹ́. Má dojú kọ orí tàbí ìdí rẹ̀. Bí àwọn ìkọ́ rẹ bá ti tẹ́, gbé ṣọ́ọ̀kù lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Kó o tó tú u, fi ọ̀dà fàlà láti orí dé ìdí, kí àwo òkè àti bọ́ṣì ìsàlẹ̀ lè padà sí ìlà kan. Etí sípíríǹgì gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò rẹ̀ nínú àwo.

Nígbà tó o bá ń dá a padà, fi ọwọ́ lásán dè gbogbo bóòtù tó gba inú bọ́ṣì rọ́bà kọjá. Sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà, mì í, wà á díẹ̀, ìgbà yẹn ni kó o tó dè wọ́n le, pẹ̀lú torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára ìdè), sí iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé rọ́bà bọ́ṣì lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bó o bá dè é nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá jókòó ni rọ́bà ti lọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wà títí láé. Á ya láìpẹ́, ọkọ̀ á sì ga lọ́nà ẹ̀tàn fún ìwọ̀nba ìgbà, o ò ní mọ gíga gidi tó o ní. Mo rò pé àṣìṣe yìí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Nọ́ọ̀tù tó ní ike nínú, má lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Píìnì náà, tuntun ni.

Ìyá Oníjíìpù

Kí ẹ tó dá ọjọ́ iṣẹ́ o, ẹ gbìyànjú láti yí àwọn bóòtù lower arm tí wọ́n fi ń ṣe alignment. Lórí ọkọ̀ tó ń wọ ẹrẹ̀, wọ́n máa ń dípata mọ́ irin inú bọ́ṣì, àfi kí wọ́n gé wọn. Bí wọn ò bá yí, ẹ ra bóòtù àti bọ́ṣì wọn sílẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Ọ̀gá mi, ẹ ṣé. Ṣọ́ọ̀kù ńkọ́? Èwo ni kí n mú, twin-tube (onípáìpù méjì) àbí monotube (onípáìpù kan)?

KòtòÒDẹ́rù

Monotube ń tètè tú ooru rẹ̀ síta torí pé òróró rẹ̀ fara kan irin ìta tààrà, gáàsì tó wà lẹ́yìn pisitini kékeré kò sì dàpọ̀ mọ́ òróró, kò ní hó. Ọ̀nà gígùn tó rí kùnkù-kùnkù, òun ni. Ṣùgbọ́n òkúta tó bá fi kòtò sí ara rẹ̀ ti bà á jẹ́, torí inú ara náà ni pisitini ń rìn. Twin-tube lè gba irú òkúta bẹ́ẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n lára, ara inú ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó tètè ń gbóná. Fún ẹrẹ̀ àti àpáta tí a ń fi ìrọ̀rùn gùn, twin-tube tó tóbi tó yín. Fún eré lórí ọ̀nà gbágun-gbàgun, monotube.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju oríṣi lọ ni kí ṣọ́ọ̀kù bá sípíríǹgì mu. Sípíríǹgì tó le ń ta padà pẹ̀lú agbára, ó nílò ṣọ́ọ̀kù tó ń dá ìnà dúró dáadáa. Bí ṣọ́ọ̀kù bá rọ̀ jù, iwájú á máa fò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn kòtò kan. Bó bá sì le jù, ẹ máa mọ̀ lójú ọ̀nà kùnkù-kùnkù: ẹsẹ̀ kò ní rí àyè nà kí òmíràn tó dé, ọkọ̀ á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó sórí bump stop, sitíárìn á wá fúyẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé sípíríǹgì ló rọ̀, á lọ ra èyí tó le sí i.

TáyàŃlá

Alignment: ọjọ́ kan náà, ẹ má jẹ́ kó sùn. Toe (bí iwájú táyà méjèèjì ṣe kọjú síra) ti yí padà ní gbàrà tí iwájú ti ga, táyà tuntun lè jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárín àkókò díẹ̀. Nọ́ńbà tí mo máa ń béèrè fún irú táyà yìí: caster dígírì 3.5 sí 4.5, camber (bí orí táyà ṣe fì sínú tàbí síta) òdo sí -0.5, toe-in 1mm sí 2mm lápapọ̀. Caster ọ̀tún àti òsì kò gbọdọ̀ fi ju dígírì 0.5 lọ yàtọ̀, torí ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ tí tirẹ̀ kéré. Bí ti camber bá yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ tó bá yọ síta lókè jù ló ń fà sí. Ẹ ní kí alignment ti lower arm síwájú láti rí caster níbi tó bá ṣeé ṣe. Ìyẹn ń sún táyà kúrò lẹ́yìn fẹ́ńdà.

Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ ìdúróṣinṣin nílò kí wọ́n tún òdo igun sitíárìn ṣe pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná iwájú náà ti ń wo ojú ọ̀run, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹ sì wo òfin ìlú yín lórí gíga ọkọ̀. Níbòmíràn, ààlà wà fún ohun tí a lè ṣe láìgba ìwé.

Bàbá Sípánà

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin, kó o tó gbé e lọ, yí sitíárìn dé ìpẹ̀kun méjèèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rọ̀ tán, kó o wo páìpù bíréèkì àti wáyà ABS. Bí wọ́n bá nà tanran, wọ́n kúrú. Ra páìpù tó gùn tàbí kó o sọ ibi tí wọ́n so ó mọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn 100km, tún gbogbo bóòtù wò pẹ̀lú torque wrench, kó o tún un ṣe ní 1,000km. Fi ọ̀dà funfun fàlà láti orí nọ́ọ̀tù dé ara irin, ní orí ṣọ́ọ̀kù, lower arm, ball joint àti tie rod. Ìgbàkígbà tó o bá ti inú ẹrẹ̀ jáde, fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ìlà tó bá ti ya, nọ́ọ̀tù ibẹ̀ ti yí. Gíga àárín họ́ọ̀bù sí fẹ́ńdà náà, wọ̀n ọ́n ní 1,000km yẹn kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Sípíríǹgì tuntun máa ń jókòó bíi 5mm sí 10mm, bó bá ju ìyẹn lọ, sípíríǹgì tí wọ́n tà fún ọ kò bá ẹrù rẹ mu.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Mo ti wọ̀n ọ́n: 498mm lósì, 507mm lọ́tùn-ún, 586mm nígbà tí òsì rọ̀.

Ìyá Oníjíìpù

Ó dáa. Òsì ní 88mm láti fi sọ̀kalẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá fi sípíríǹgì nìkan gbé 50mm lórí ṣọ́ọ̀kù àtijọ́, 38mm ló máa kù, kò tó. Ẹ wá ṣọ́ọ̀kù tó fi bíi 12mm sí 15mm gùn ju ti ilé iṣẹ́ lọ nígbà tó bá nà tán. Ìyẹn á dá bíi 20mm sí 25mm padà nídìí táyà, ẹ ó sì kọjá 55mm. Kí ẹ wá wo ball joint òkè bí KòtòÒDẹ́rù ṣe wí. Spacer 5mm sí òsì.